Ọmọ mi ń yó, kí ló dé tí kò dàgbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkọ̀lé-Èkìtì là ń gbé. Iṣẹ́ lébìrà ni ọkọ mi ń ṣe, èmi sì ń ta ata àti tòmátì. Ọmọ wa obìnrin ti pé oṣù 14. Nǹkan ti le fún wa gan-an, ìkòkò wa kò rí bó ṣe máa ń rí mọ́. Ògì ló ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́sàn-án, ó ń jẹ ẹ̀bà tàbí àmàlà pẹ̀lú omi ọbẹ̀. Ó ń yó, ikùn rẹ̀ a sì yọ. Ṣùgbọ́n ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ti ń sáré kiri, tèmi ṣì ń di ògiri mú, irun rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Aládùúgbò ní kí n máa ra wàrà alágolo fún un. Ìyá ọkọ mi ní kí n já a lẹ́nu ọmú kó lè máa jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n kí n má fún un lẹ́yin, kó má baà di olè. Owó wàrà kò sí lọ́wọ́ wa. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú ìfaradà. Gbogbo ohun tí ẹ bi mí ni mo máa dáhùn, àmọ́ irun tí ẹ sọ pé ó ń pọ́n yẹn kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ gbé e lé itan. Ẹ fi àtàǹpàkò yín méjèèjì tẹ òkè àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, níbi tí okùn bàtà máa ń gbà kọjá. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọnú tí kò tètè kún padà, tó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, omi ló wà níbẹ̀. Mo ti rí àwọn ìyá tí inú wọn ń dùn sí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé ọmọ àwọn ti ń sanra, ó sì máa ń dùn mí nítorí pé àsìkò tó yẹ kí wọ́n ti gbé ọmọ wá ni wọ́n fi ń yọ̀. Bí ẹ bá rí i lẹ́sẹ̀ tiyín, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹsẹ̀ kò bá wú, ẹ ṣì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín wọn apá rẹ̀ lókè ìgúnpá, kí ó sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Okùn aláwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọn apá ọmọ láti oṣù 6 títí yóò fi kù díẹ̀ kó pé ọdún 5. Tí ó bá dín sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa nìyẹn, ebi ti wọ ọmọ náà lára gan-an. Láti 11.5 títí dé bí ẹni pé yóò kan 12.5, ó wà ní yẹ́lò. Láti 12.5 lọ sókè, ó wà ní àwọ̀ ewé. Ọmọ tó bá wà ní pupa, tó ṣì ń jẹun, tí ara rẹ̀ sì yá díẹ̀, wọ́n lè fún un ní oúnjẹ ìtọ́jú tí wọ́n fi ẹ̀pà àti wàrà ṣe, tó máa ń wà nínú ọ̀rá, kí ìyá máa fún un nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gba oúnjẹ mọ́, tó ń bì, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó kàn sùn sílẹ̀ láìbìkítà fún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ńlá ló yẹ kó wà, irú èyí tó wà ní Ìdó-Èkìtì tàbí Adó-Èkìtì.

Irun pípọ́n nìkan kò tó fún mi láti sọ pé àìsàn ti dé. Àmọ́ bó ṣe wà pẹ̀lú àìtètè rìn yìí, kò yẹ kí a fọwọ́ lẹ́rán máa wò ó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí ìkòkò. Ẹ ní ọmọ ń yó, mo gbà yín gbọ́. Ohun tó ń yó o ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. A ó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì kó èèrí fún ewúrẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tó dára lára àgbàdo bá èèrí yẹn lọ, òmíràn bá omi orí ògì lọ. Èyí tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò lè fúnni lágbára díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ́ ẹran ara, eegun àti ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan níbẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá wá le, omi gbígbóná la tún máa ń bù lé e kó lè kárí. Ikùn ọmọ oṣù 14 kò gbà ju nǹkan bí ife kékeré kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ògì olómi bá ti kún ibẹ̀, ọmọ ti yó nìyẹn, kò sí àyè fún nǹkan mìíràn, bẹ́ẹ̀ omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó gbé mì. Ọmọ kò purọ́ fún yín. Ikùn rẹ̀ kún lóòótọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF pín oúnjẹ ọmọ oṣù 6 sí 23 sí ọ̀nà 8: ọmú ìyá; ọkà pẹ̀lú iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà; erèé pẹ̀lú ẹ̀pà; wàrà àti ohun tí a fi wàrà ṣe; ẹran àti ẹja; ẹyin; ẹ̀fọ́ àti èso tó ní fítámì A; ẹ̀fọ́ àti èso yòókù. Wọ́n ní ó kéré tán, kí ọmọ rí 5 jẹ nínú wọn lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ka ti ọmọ yín. Ọmú, ọ̀kan. Ògì, ẹ̀bà àti àmàlà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Omi ọbẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Méjì péré ni ọmọ yìí ń rí láti àárọ̀ dé alẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó máa yó láìdàgbà nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ yín ló fà á.

Mẹ́ta ló kù kí ó pé márùn-ún, a sì lè rí i láìra wàrà.

Erèé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí owó ọwọ́ yín bá mọ sí ohun kan péré lọ́jà, erèé ni kí ẹ rà. Ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́ tó fún ọmọ yìí. Ẹ sè é kó rọ̀ dáadáa, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní kóró mọ́. Bí èèpo bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ da epo pupa ṣíbí kékeré kan sí i. Epo yìí ń fún un lágbára, fítámì A sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lè ṣe ọ̀lẹ̀ sínú ewé, kí ẹ bu edé lílọ̀ sí i, ọmọ kékeré fẹ́ràn rẹ̀. Òtílí náà dára, igi rẹ̀ sì ń dúró lóko ju ọdún kan lọ. Àwọn màmá wa mọ bí wọ́n ṣe ń sè é títí yóò fi rọ̀, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ ìyá ti ń fi í sílẹ̀.

Tòmátì tí ẹ ń tà, èyí tó rọ̀ tí oníbàárà kò mú, tí kò tíì bàjẹ́, ẹ má dà á nù, ẹ má sì tà á ní ọ̀pọ̀ tán. Ẹ sè é mọ́ erèé ọmọ. Fítámì inú tòmátì àti ọsàn ń jẹ́ kí ara rí èròjà ẹ̀jẹ̀ inú erèé gbà dáadáa. Tíì ńkọ́? Ẹ má fún un mu mọ́ oúnjẹ, ó ń dí èròjà yẹn lọ́wọ́.

Ẹ̀fọ́ ni ìkejì. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, wòròwò, ewúro tí ẹ ti fọ̀ tí kò korò mọ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ kí ẹ sì jẹ́ kó wà nínú oúnjẹ ọmọ fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀fọ́, ẹja àti ohun tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò ni a máa ń bù fún àgbà, omi orí rẹ̀ la máa ń fi pa òkèlè fún ọmọ. Ẹ yí i padà láti òní lọ. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ bù fún ọmọ, kí àgbà máa fi omi ọbẹ̀ jẹun.

Ìkẹta ni ẹyin, ẹja tàbí ẹran. Edé àti ẹja gbígbẹ kéékèèké tí a lọ̀ pọ̀ tòun teegun rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù fún ilé tí owó kò pọ̀, nítorí pé ṣíbí kékeré kan ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́ bí ẹ bá gbé e sínú ike tó dé dáadáa. Bí ẹyin bá wà, ẹ sè é kó jiná, kí ẹ fún un.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹyin dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti màmá. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wọn ni wọ́n ń sọ, wọn ò sì fẹ́ kí ọmọ bàjẹ́. Ẹ lè sọ fún wọn pé, “Màmá, ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ní kí n máa fún un, ẹ bá mi sè é kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín fún un jẹ.” Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ yìí ṣiṣẹ́ nílé tí àríyànjiyàn kò ti ṣiṣẹ́. Kò sí ẹyin tó ń sọ ọmọ di olè. Ọmọ tí ebi ń pa ló máa ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Mi ò ní kí ẹ pa ògì tì o. Ẹ sè é kó ki. Ẹ bù ú sí ṣíbí, kí ẹ dorí ṣíbí kodò: bó bá ṣàn bọ́ sílẹ̀ kíá, ó ti pọ̀ lómi jù, kó dúró sójú ṣíbí díẹ̀ kó tó já bọ́ ni mo fẹ́. Kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi ẹ̀pà yíyan tí ẹ lọ̀ kúnná ṣíbí kan àti edé lílọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀pà tó ti dúdú, tó ti sún kì tàbí tó hu ewú, ẹ dà á nù. Májèlé tó wà nínú ewú yẹn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kò sì lè pa á. Àgbàdo tó bu náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń lọ sóyà mọ́ ògì, ife àgbàdo mẹ́ta sí sóyà kan, èyí sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ se sóyà náà fún bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó bó o, sá a, yan án, lọ̀ ọ́, nítorí pé sóyà tútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ọmọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni kó máa jẹun, kó sì máa rí nǹkan panu láàárín rẹ̀: ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mángòrò lásìkò rẹ̀, àkàrà kan. Búrẹ́dì àti bisikíìtì kò lè ṣe ohun tí àkàrà yẹn máa ṣe.

Ní ti ọmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a. Ní ọdún kejì ọmọ, ọmú ìyá ṣì lè pèsè bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí ọmọ nílò, ó sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àìsàn. Kò sí ohun mìíràn nínú ilé yín báyìí tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi owó rà. Ẹ máa fún un títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí i pé ọmú kì í jẹ́ kó jẹun, ẹ fún un lóúnjẹ kí ẹ tó gbé ọmú sí i lẹ́nu.

Wàrà alágolo kì í ṣe ohun búburú. Bí owó bá wà, ẹ rà á. Àmọ́ mo mọ bó ṣe máa ń rí nílé tí owó kò sí: agolo kékeré kan ni yóò gbọ́n owó erèé àti edé ọ̀sẹ̀ kan lọ, a ó sì máa pò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè pẹ́, nígbà mìíràn nínú omi tí kò mọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ohun mímu oníkòkó tí wọ́n ya àwòrán ọmọ sí lára. Ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe wàrà.

Bí ó bá ń kọ oúnjẹ, ẹ má rọ ọ́. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn, ṣùgbọ́n ògì tí a fi ọwọ́ rọ lè gba ọ̀nà ọ̀fun òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀rù oúnjẹ yóò sì máa ba ọmọ. Ẹ fún un ní abọ́ tirẹ̀, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Abọ́ tirẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún létí lọ. Ọmọ oṣù 14 tó bá ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà kò lè yára tó wọn, kò sì sí ẹni tó máa mọ iye tó jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa ilé fúnra rẹ̀ wàyí, torí pé ọmọ kò dá ebi pa. Ebi kì í jálẹ̀kùn wọlé lójijì. Àníyàn ló máa ń ṣíwájú: ìyá yóò máa wo àpò gààrí, yóò máa ṣírò ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹja yóò kúrò nínú ọbẹ̀, erèé yóò tẹ̀ lé e, èso yóò di ohun tí à ń wò lọ́jà. Ìkòkò ṣì kún nígbà yẹn, nítorí pé ẹ̀bà ṣì wà. Ìgbẹ̀yìn ni oúnjẹ fúnra rẹ̀ máa ń kéré, tí àgbà á fo ọ̀sán, tí wọ́n á fi ebi sùn. Ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà tí àwọn tó ń ṣèwádìí ìṣòro yìí máa ń bi àwọn ará ilé nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, bó ṣe ń wọlé yìí náà ni wọ́n ṣe tò ó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ ni pé ìpele kejì, tí kò sẹ́ni tó máa ń sunkún ebi, ni ọmọ kékeré ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́kun dídàgbà. Kí ilé tó mọ̀ pé ebi ti wọlé, ó ti pẹ́ lára ọmọ.

Ẹ ò sì dá wà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ àti owó ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn lórí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iye tí oúnjẹ fi wọ́n sí i láàárín ọdún kan kọjá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe é padà ní 2023 sí 2024, ó ti di 40.

Àwọn kan á ní, Èkìtì ńkọ́, ilẹ̀ iṣu, ilẹ̀ kòkó? Àgbẹ̀ gan-an mọ ìdáhùn. Láti ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ títí iṣu titun yóò fi jáde, èyí tó wà lóko kò tíì gbó, èyí tó wà nínú àká ti tán tàbí ti bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, owó rẹ̀ sì ti di owó ilé ìwé àti gbèsè. Ẹni tó ní kòkó náà ń fowó ra gààrí lásìkò yẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ bíi ti bàbá ọmọ yín, òjò lè dá a dúró sílé lọ́jọ́ mẹ́ta, kò sí owó kankan. Nítorí náà, bí ẹ bá wà nínú àjọ, ẹ gbìyànjú kí ẹ kó owó tiyín lásìkò tí erèé titun bá dé ọjà tí ó wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ra èyí tí yóò dúró fún ọmọ. Ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ kó o sínú ike tó dé pinpin tàbí àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń tà fún erèé. Kòkòrò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ da oògùn apakòkòrò sí i, ẹ má gbà fún un. Oògùn yẹn ti pa ènìyàn.

Bí ẹ̀yìnkùlé bá wà, kódà tí kò ju ibi tí ẹ ń sá aṣọ sí lọ, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ yóò hù níbẹ̀. Ìbẹ́pẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Adìẹ ìbílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú àdéhùn nínú ilé pé ẹyin tí wọ́n bá kọ́kọ́ yé lọ́sẹ̀ kò ní dé ọjà.

Bàbá ọmọ, mo mọ̀ pé wọ́n máa ka èyí fún yín. Ẹ kú làálàá. Agbára iṣẹ́ lẹ nílò, a kò sọ pé kí ẹ má jẹun. Ṣùgbọ́n ẹja kan tó bá wà nínú ọbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ti ọmọ kúrò kí wọ́n tó gbé abọ́ yín wá. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, kò sí ẹni tó máa bá ìyá jà nílé. Ẹ sì máa wo abọ́ ìyàwó yín náà, torí pé ìyá ló máa ń kọ́kọ́ fi oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí kò bá kárí, bẹ́ẹ̀ ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Àìsàn kò ní jẹ́ kí oúnjẹ ṣiṣẹ́. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà ti ilé ìwòsàn, ìyẹn ORS, pẹ̀lú oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14, kí ẹ má sì dá oúnjẹ àti ọmú dúró. Àgbo kò gbọdọ̀ gba àyè oúnjẹ nínú ikùn rẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ béèrè fítámì A, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń fún ọmọ, àti oògùn aràn, torí pé ó ti kọjá ọdún kan.

Káàdì ìwọ̀n tí wọ́n máa fún yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kò jìnnà sí wa ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí Òkè-Ìmẹ̀sí ti Èkìtì níbí, ni Dókítà David Morley ti dá ilé ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, tó ń wọn ọmọ lóṣooṣù, tó sì ní kí ìyá máa gbé káàdì náà lọ sílé. Káàdì yẹn tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí ilà inú rẹ̀ bá ń gòkè lóṣooṣù, ọmọ ń dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò tíì rí i lójú. Bó bá dúró sójú kan fún oṣù méjì, tàbí tó bá ń wálẹ̀, ẹ má retí oṣù kẹta, ẹ padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ẹ kọ ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ yìí àti iye tí apá rẹ̀ jẹ́ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ lánàá láti àárọ̀ dé alẹ́, títí kan èyí tó panu. A ó tún ka àwọn ọ̀nà rẹ̀ pọ̀.